Èèkù fún Ìbọn Ìléwọ́ Alátẹ́gùn Àtijọ́: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́

Kí là ń pè ní èèkù ìbọn?

Ibi tí ọwọ́ ti ń di ìbọn mú ni. Nígbà tí Yorùbá ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni, èèkù kan náà ló ń sọ. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn, awẹ́ méjì ló máa ń jẹ́, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, síkúrù kan tàbí méjì ló sì so wọ́n mọ́ egungun irin tó wà láàárín. Ti àwọn mìíràn jẹ́ odindi. Ṣe ni wọ́n ń kì í bọ irin láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ẹ̀yìn.

Òsì àti ọ̀tún tí mo ń sọ níbí jẹ́ ti ẹni tó di ìbọn mú, tó sì kọ ẹnu rẹ̀ síwájú. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń wo fọ́tò ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún yín, torí ọ̀pọ̀ ló ti ra awẹ́ òsì méjì.

Kí ló dé tó jẹ́ èèkù ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́?

Irin lè dọ́gọ́rùn-ún ọdún kó má ṣe nǹkan kan bí ẹ bá ń fi òróró pa á. Èèkù ò rí bẹ́ẹ̀. Bakelite, ike líle tí Leo Baekeland ṣe àwárí rẹ̀ ní 1907, ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ìbọn ayé ìgbà náà. Bó bá ti le tán kò tún ní yọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ rárá. Bó bá bọ́ sílẹ̀, igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fò lọ.

Ibi tí mo ti rí i tó sán jù ni ojú ihò síkúrù. Ẹnì kan ti fún síkúrù náà ju bó ṣe yẹ lọ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ìlà tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí sípíríǹgì inú ìbọn bá sì ta ni ìlà náà ń gùn sí i.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí wọ́n fi ṣe tèmi?

Ẹ fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn awẹ́ náà títí yóò fi gbóná díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí imú. Bó bá ń rùn bí imí-ọjọ́, vulcanite ni, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi imí-ọjọ́ sè títí tó fi le bí egungun. Ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ ojú rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kó jọ ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Bakelite ní tirẹ̀ máa ń rùn bí oògùn apakòkòrò bó bá gbóná. Bí ẹ bá fi èékánná gbá a, á dún bí àwo tánganran.

Bí etí awẹ́ náà bá ti ká kúrò lára irin, tó dà bí ewé tí oòrùn pa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ike cellulose acetate. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára àwọn ìbọn Crosman onígáàsì ti àwọn ọdún 1950 sí 1960.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dán ohunkóhun wò bí àwọn kan ṣe máa ń gbani nímọ̀ràn. Bó bá jẹ́ celluloid, ike àtijọ́ kan tó ń tètè gbiná, iná á gbà á lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ yín ló sì wà.

Ṣé mo lè tú èèkù náà fúnra mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nǹkan kan nínú ìbọn náà: kò sí ọta, wọn ò tíì fa sípíríǹgì rẹ̀, kò sì sí gáàsì CO2 níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fún atẹ́gùn sí lè pa atẹ́gùn mọ́ra fún oṣù púpọ̀. Ẹ má tìtorí pé ẹ̀gbọ́n yín sọ pé òun ti tú u dà gbà á gbọ́.

Síkúrúdíráfà tí ẹnu rẹ̀ kún ojú síkúrù náà dáadáa ni kí ẹ lò. Bí síkúrù bá kọ̀ tí kò yí, ẹ kán òróró tó ń tú ìpẹtà sí orí rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí òróró náà ṣàn lọ sára igi tàbí vulcanite. Bí síkúrù bá ti jáde, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ awẹ́ náà láti etí. Ẹ ti awẹ́ kejì láti inú, kó fúnra rẹ̀ tú sílẹ̀.

Kí ẹ tó gbé awẹ́ kúrò pátápátá, ẹ ya fọ́tò. Nínú àwọn ìbọn kan, èèkù ló ń dá ìṣó kékeré tàbí sípíríǹgì tírígà dúró sáyè rẹ̀. Bó bá fò lọ sábẹ́ àga, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti di ti oṣù kan nìyẹn.

Orúkọ tó wà lára ìbọn mi ti tó láti fi wá èèkù, àbí?

Kò tó. Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Webley and Scott ti Birmingham gbé ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1924, wọ́n sì ń ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èèkù àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ dúró ṣánṣán, àwọn tó tẹ̀lé e ni èèkù wọn dà sẹ́yìn. Orúkọ kan náà lè wà lára méjèèjì, síbẹ̀ awẹ́ ọ̀kan ò ní wọ ara ìkejì láéláé.

Diana tún le ju ìyẹn lọ. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní ilé iṣẹ́ Mayer & Grammelspacher tó wà ní Rastatt. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ẹ̀rọ àti orúkọ náà bọ́ sọ́wọ́ Milbro ní Scotland, ìyẹn ló fà á tí àwọn ará Jámánì fi ń ta tiwọn ní Britain pẹ̀lú orúkọ "Original". Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ìbọn Jámánì kan náà jáde lábẹ́ orúkọ Hy-Score àti Winchester. Nítorí náà, ẹni tó ní "Winchester" lọ́wọ́ lè rí èèkù rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ti Diana, ẹni tó sì ní "Diana" ti Scotland lè ra ti Jámánì kó má wọlé.

Ẹ wo ìlú tí wọ́n tẹ̀ sára irin, nọ́ńbà rẹ̀, ipò tí síkúrù wà, àti bí èèkù ṣe dà sí. Mẹ́rin yìí ló ń sọ òtítọ́ ju orúkọ lọ.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tú ìbọn tó ti kú ta ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìbọn tí sílíńdà rẹ̀ ti jẹrà lè ní èèkù tó pé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ìbọn àtijọ́, tí wọ́n kó ẹrù ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé. Ẹ̀ka kẹta ni àwọn tó ń ṣe àwòkọ rẹ̀ lọ́tun. Ìkẹrin ni àwọn olùkójọ, tí wọ́n sábà máa ń ní awẹ́ kan ṣoṣo nínú àpótí, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí awẹ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá a pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí ìbọn náà ń jẹ́, kí ẹ sì wá a lédè Jámánì náà bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti wá. Griffschalen ni wọ́n ń pe awẹ́ èèkù lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan yìí ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi wá a lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ṣé òfin ò ní dí mi lọ́wọ́?

Agbára ìbọn ni òfin sábà ń wò. Ní Britain, ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn ò gbọdọ̀ ju foot-pound 6 lọ, ní Jámánì àmì F tó wà nínú igun márùn-ún ń fi hàn pé kò ju joule 7.5 lọ. Èèkù ò fi kún ìyẹn, kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà ni kí ó di odindi ìbọn ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ èèkù fún un. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè òfin ibi tó ń lọ, tàbí kí ẹ kúkú fi àwòrán àti ìwọ̀n ránṣẹ́.

Ìwọ̀n wo ni mo gbọ́dọ̀ mú?

Ẹ lo kálípà, irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tó ń ká mìlímítà. Àkọ́kọ́ ni láti àárín ihò síkúrù kan sí àárín ìkejì. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ihò náà, ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín rẹ̀ dé etí iwájú, dé etí ẹ̀yìn, àti dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gígùn, fífẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, àti nínípọn níbi tó ti ga jù.

Ẹ wá gbé egungun irin náà lé orí ìwé tí wọ́n fa ìlà mìlímítà sí, ẹ fi pẹ́ńsù ẹlẹ́nu ṣóńṣó yí i ká. Ẹ ṣe òsì, ẹ ṣe ọ̀tún, torí wọn kì í bára mu lọ́pọ̀ ìgbà: tírígà tàbí ohun ìdádúró lè gba àyè ní ẹ̀gbẹ́ kan. Fọ́tò nìkan ò tó. Kámẹ́rà tó sún mọ́ nǹkan máa ń fẹ àárín rẹ̀ lójú, mìlímítà kan péré sì ti tó kí èèkù má wọlé.

Ṣé èèkù ìbọn mìíràn lè wọ tèmi?

Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Èyí tó dá mi lójú ni ìbọn alátẹ́gùn Weihrauch HW45, tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí Beeman P1: èèkù ìbọn Colt 1911 ń wọ ara rẹ̀. Ti 1911 tó gùn tán ni o, èyí tí ihò síkúrù rẹ̀ méjèèjì fi nǹkan bíi mìlímítà 78 jìnnà síra. Ti 1911 kúkúrú ò lè bá a mu. Ẹni tó ní HW45 lè yan igi, rọ́bà tàbí ike bó ṣe wù ú, torí èèkù 1911 pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "ẹ kàn gé e díẹ̀, á wọlé", ẹ ní kó fi èyí tí òun gé hàn yín.

Résínì, igi àbí ìtẹ̀ 3D: èwo ló dára jù?

Èmi á mú résínì, ìyẹn ike olómi tó ń le lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, bó bá jẹ́ pé ìrísí àtijọ́ ni ẹ ń wá. Wọ́n á fi sílíkóònì gba àdàkọ èèkù tó pé, wọ́n á sì da résínì sínú rẹ̀. Gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ ni yóò jáde, títí kan ọta oníyẹ̀ẹ́ tó jẹ́ àmì Webley. Ohun méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Résínì máa ń sún kì díẹ̀ bó bá ń le, nítorí náà ihò síkúrù lè yẹ̀. Bí wọn ò bá sì yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ dáadáa, ihò kéékèèké á wà lábẹ́ ojú rẹ̀, níbi tí yóò ti sán. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó.

Ìtẹ̀ 3D, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi ike gbígbóná to èèkù ní ìpele ìpele, dára fún ìdánwò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, títí yóò fi jókòó, kí ẹ tó fi igi gidi ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó títí lọ, ẹ má lo ike tí wọ́n ń pè ní PLA. Ní nǹkan bíi 60 °C ló ti ń rọ̀, inú mọ́tò tó dúró sínú oòrùn sì lè dé ibẹ̀. Ike PETG tàbí ABS fara da ooru jù ú lọ.

Mo fẹ́ fi igi gbẹ́ ẹ. Igi wo?

Walnut ni àwọn oníbọn ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, ìdí sì wà fún un. Ó fúyẹ́, kì í tètè là, ó sì gba ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gé sójú èèkù. Igi yòówù kí ẹ lò, kó ti gbẹ dénú. Igi tútù tí ẹ gbẹ́ lónìí á ti fà kúrò lára irin kó tó di oṣù mẹ́fà. Ẹ gbẹ́ awẹ́ méjèèjì láti inú pákó kan náà, kí ẹ ṣí i bí ìwé, kí ìlà inú igi lè kọjú síra.

Bí ẹ bá fẹ́ rosewood, ẹ mọ̀ pé gbogbo igi Dalbergia, ìdílé tí rosewood ti wá, ti wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa igi àti ẹranko tó lè run, láti oṣù kìíní 2017, nítorí náà gbígbé e kọjá ẹnubodè lè gba ìwé àṣẹ. Eyín erin ní tirẹ̀, ẹ jìnnà sí i pátápátá. Eruku igi líle kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ bo imú.

Síkúrù tuntun wọlé ìdajì, ó wá dúró. Ṣé kí n fi agbára yí i?

Ẹ má ṣe é rárá! Kò sí àṣìṣe tó ń dùn mí tó èyí, torí ara ìbọn ló ń pa, kì í ṣe ara èèkù nìkan. Oríṣi tíréèdì, ìyẹn eyín tó yí ara síkúrù ká, mẹ́ta ló wà lára àwọn ìbọn wọ̀nyí. Àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sábà ń lo BA (British Association), ti Amẹ́ríkà ń lo tiwọn tí wọ́n ń fi ínṣì wọ̀n, ti Jámánì ń lo mìlímítà.

Ẹ wo méjì péré. Síkúrù 4BA nípọn tó mìlímítà 3.6, síkúrù 6-32 ti Amẹ́ríkà nípọn tó 3.5. Bí ẹ bá gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo láàárín eyín tíréèdì 4BA jẹ́ mìlímítà 0.66, ti 6-32 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.8. Nítorí náà, ọ̀kan á wọ ihò ìkejì ní yíyí kan tàbí méjì, á sì há. Bí ẹ bá tún fagbára kún un, eyín inú irin á fọ́ dànù.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ gbé síkúrù àtijọ́ ti ẹ̀gbẹ́ tuntun, kí eyín wọn kọjú síra, kí ẹ gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí eyín wọn bá wọnú ara wọn láti òkè délẹ̀ láìsí àyè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Èèkù tuntun dé, ṣùgbọ́n kò jókòó dáadáa. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ má fi síkúrù fà á wálẹ̀. Ẹ fi dúdú èéfín àbẹ́là kun irin náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé èèkù lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ibi tí dúdú bá lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn èèkù ni ibi tó ga jù. Ẹ fi sáńpépà tàbí fáìlì wẹ́wẹ́ ha ibẹ̀ nìkan, ha díẹ̀, kí ẹ tún dán an wò. Ó lè tó ìgbà ogún. Ẹ̀yìn èèkù ni kí ẹ máa ha, ẹ má fọwọ́ kan irin.

Bó bá ti jókòó, tí kò mì nígbà tí ẹ fi ìka ti igun rẹ̀, ẹ wá fi síkúrù sí i. Ẹ fi ìka méjì péré di síkúrúdíráfà mú, kí ẹ dúró níbi tó bá ti kọ̀.

Ti àtijọ́ sán. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí àwọn ègé rẹ̀ bá pé. Ẹ fi omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ojú ibi tó ṣẹ́ bó bá jẹ́ Bakelite, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù épọ́sì tí kì í tètè gbẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìyẹ̀fun èédú díẹ̀ nínú épọ́sì á mú kí ojú ìlà náà dúdú. Vulcanite ò fẹ́ omi gbígbóná o, ṣe ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí.

Ẹ má ha Bakelite ní gbígbẹ. Àwọn kan nínú Bakelite àtijọ́ ní asbestos nínú. Omi ni kí ẹ fi máa ha á, kí ẹ sì nu eruku rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù.

Mo ti rí tuntun. Ṣé kí n sọ ti àtijọ́ nù?

Rárá. Ẹ dì í sínú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ ìbọn náà sí i, kí ẹ fi sí ibi tó gbẹ. Ẹni tó bá máa ra ìbọn náà lọ́jọ́ iwájú á bèèrè rẹ̀, kódà bó ti fọ́ sí mẹ́ta. Òun náà ni wọ́n á fi gba àdàkọ bó bá yá. Olùkójọ máa ń sanwó lórí ìtàn ju orí irin lọ: Walther LP53 tí Sean Connery gbé dání nínú fọ́tò ìpolówó James Bond, ìbọn alátẹ́gùn lásán ni, síbẹ̀ £277,250 ni wọ́n tà á ní Christie's ní 2010.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá "ojúlówó" tí wọ́n fẹ́ tà fún mi kì í ṣe àwòkọ?

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n ya ní fọ́tò. Ojúlówó sábà máa ń ní àmì irin tó ti fara rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdọ̀tí òróró á wà nínú igun rẹ̀, etí ihò síkúrù á sì ti dán. Àwòkọ résínì á ní ihò afẹ́fẹ́ tóótòòtó, ìlà gígé ojú rẹ̀ kì í sì sábà mú tó ti ojúlówó, bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní kí ẹ má ra àwòkọ. Ẹ rà á ní iye àwòkọ, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ fa àmì kékeré sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa ṣìnà.

Ìbọn ìdíje ni tèmi, èèkù rẹ̀ ní pèpéle fún àtẹ́lẹwọ́. Kí ni kí n kíyè sí?

Ọwọ́ tí ẹ fi ń yìn ín, àti bí ọwọ́ náà ṣe tóbi tó. Èèkù ìbọn bíi Feinwerkbau 65, tó jáde ní 1965, jẹ́ igi tí wọ́n gbẹ́ fún ọwọ́ ọ̀tún tàbí fún ọwọ́ òsì, ọlọ́wọ́ òsì ò sì lè fara da ti ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ́ fi díje lábẹ́ òfin ISSF, àjọ àgbáyé fún ìdíje ìbọn yíyìn, pèpéle náà ò gbọdọ̀ ká sókè wá bo ọwọ́: igun tó ṣe pẹ̀lú èèkù kò gbọdọ̀ kéré sí 90°. Gbogbo ìbọn náà, tèèkù tèèkù, gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí mìlímítà 420 sí 200 sí 50. Èèkù tuntun tó yọ síta jù lè mú kí wọ́n dá yín padà níbi àyẹ̀wò.

Èèkù mi ń làágùn, ó ń rùn bí ọtí kíkan, irin abẹ́ rẹ̀ sì ń dípẹtà. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ike náà fúnra rẹ̀ ló ń kú. Cellulose acetate tó ń jẹrà máa ń tú ásíìdì ọtí kíkan jáde. Celluloid burú jù bẹ́ẹ̀: òórùn káfúrà ló máa ń ní nígbà tó ṣì dára, ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ásíìdì tó ń tú jáde á máa jẹ irin, ó sì ń tètè gbiná. Kò sí oògùn tó lè dá a padà. Èyí tí ẹ lè ṣe ni kí ó rọra lọ.

Ẹ tú u kúrò lára ìbọn lónìí, kó má di ọ̀la. Ẹ nu irin náà, ẹ yọ ìpẹtà rẹ̀, ẹ fi òróró pa á. Ẹ fi ìwé tí kò ní ásíìdì di èèkù náà, kí ẹ gbé e sí ibi tó tutù tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, jìnnà sí iná àti sí àwọn ìbọn yòókù. Ẹ má fi ọ̀rá dì í, ẹ má sì dé e mọ́ inú àpótí, torí ásíìdì tí kò ríbi jáde á padà jẹ ike náà. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ mú ìwọ̀n rẹ̀, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù yí i ká sórí ìwé, torí ìwọ̀n tí ẹ máa rí lára rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ò ní jẹ́ ti òní mọ́.